Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ ń Sọ nípa Ọkàn

Ní ọdún 1954, ìròyìn méjì jáde nípa àìsàn ọkàn láti ìlú méjì tí ó jìnnà sí ara wọn. Èkíní ti New York wá, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èkejì ti Àkrà wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí. Àwọn tí ó kọ ti New York sọ pé àwọn ti rí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ó máa ń pọ̀ sí i nígbà tí apá kan ọkàn bá kú. Ẹni tí ó kọ ti Àkrà ni Dókítà G. M. Edington, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Òun kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Òkú ni ó yẹ̀ wò, ó sì sọ irú àìsàn ọkàn tí ó ń pa àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Kò dà bí ẹni pé ìròyìn méjèèjì ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ní ibì kan, tí agbára rẹ̀ kò sì tíì tó bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn, ní láti ka àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọkàn wà nínú àgọ́ egungun. Ojú kò tó o, ọwọ́ kò sì kàn án. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún, ohun tí oníṣègùn lè ṣe kò ju kí ó di ọwọ́ aláìsàn mú, kí ó ka bí iṣan ti ń lù, kí ó sì gbé etí lé àyà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Willem Einthoven ti ilẹ̀ Netherlands ṣe ẹ̀rọ kan tí ń ya iṣẹ́ ọkàn sórí ìwé, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1924. Ẹ̀rọ náà ran àwọn dókítà lọ́wọ́ púpọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n jù lọ kò yí padà. Ọkùnrin méjì a gbé ìrora àyà kan náà wá, ìlà tí ẹ̀rọ yà fún wọn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Ọ̀kan a padà sí ilé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èkejì a kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìmọ̀ ìṣègùn nìyí: èwo ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu nínú àwọn méjèèjì, báwo ni a ó sì ti ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí nǹkan kò tíì bọ́?

Àwọn ará New York náà, Arthur Karmen, Felix Wróblewski àti John LaDue, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí a dá sílẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ, kì í ṣe fún ti ọkàn. Karmen ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Òun ni ó wá ọ̀nà tí a fi lè wọn ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ transaminase nínú omi ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn èròjà tí ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá. Inú ẹran ara ni ibùgbé transaminase, ọkàn sì ní in púpọ̀. Èrò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ kò le. Bí ìkòkò epo bá fọ́ nínú yàrá, epo yóò ṣàn dé ẹnu ọ̀nà; ẹni tí ó dúró ní ìta kò ní láti wọlé kí ó tó mọ̀ pé nǹkan fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nígbà tí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn bá dí: ẹran ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́ a kú, ohun inú rẹ̀ a sì dà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn láti ọjọ́ dé ọjọ́, wọ́n sì rí i pé transaminase a máa ga láàárín ọjọ́ kìíní sí èkejì, a sì padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní apá wá di ẹlẹ́rìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àyà.

Ẹlẹ́rìí náà kò ṣàìní àbùkù. Transaminase wà nínú ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn a ní in púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ le bí òkúta. Nítorí náà ni àwọn oníwádìí ṣe yíjú sí ẹ́ńsáìmù mìíràn, creatine kinase, àti lẹ́yìn náà sí ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń pè ní MB, èyí tí ó pọ̀ nínú ọkàn ju nínú ẹran apá àti ẹsẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Burton Sobel àti William Shell ní Amẹ́ríkà yí ìbéèrè náà padà. Wọn kò bi ẹ̀jẹ̀ léèrè mọ́ pé ǹjẹ́ ọkàn farapa. Wọ́n bi í pé báwo ni ọgbẹ́ náà ti tóbi tó. Nípa gbígba ẹ̀jẹ̀ léraléra àti fífi ìṣirò tọ̀ ọ́, wọ́n díwọ̀n iye ẹran ọkàn tí ó kú, wọ́n sì fi hàn pé ewu ikú pọ̀ fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ tóbi ju fún ẹni tí tirẹ̀ kéré. Ẹlẹ́rìí ohun tí ó ti kọjá ni ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú.

Ìgbésẹ̀ tí ó tóbi jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní Tókíò, ní ilẹ̀ Japan. Nínú àwọn ọdún 1960, Setsuro Ebashi rí purotéènì kan tí ń darí bí ẹran ara ti ń fún tí ó sì ń tú. Orúkọ tí ó gbà ni troponin. Kì í ṣe nítorí aláìsàn kankan ni Ebashi fi wá a; ó fẹ́ mọ bí ẹran ara ti ń ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni a wá rí i pé troponin inú ọkàn yàtọ̀ sí ti inú ẹran ẹsẹ̀, àti pé a lè fi ìyàtọ̀ náà dá ọkàn mọ̀ láàárín gbogbo ẹran ara. Ní 1989, Hugo Katus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Heidelberg, ilẹ̀ Jámánì, gbé ọ̀nà tí a fi ń wọn troponin T ti ọkàn jáde.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1992, Christian Hamm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn kan jáde tí àwọn dókítà kò gbàgbé. Wọ́n yẹ aláìsàn 84 wò, àwọn tí ìrora àyà mú nígbà tí wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Mẹ́ta péré nínú wọn ni àyẹ̀wò MB àtijọ́ sọ nǹkan nípa wọn. Ṣùgbọ́n troponin hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn 33. Nínú àwọn 33 yìí, apá kan ọkàn àwọn mẹ́wàá kú lẹ́yìn náà, márùn-ún nínú àwọn mẹ́wàá sì ṣaláìsí ní ilé ìwòsàn. Nínú àwọn 51 tí troponin kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ bá. Ní 1996, ìwádìí mìíràn tí ó kó aláìsàn 1404 jọ fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: láàárín ọjọ́ 42, ẹnì kan nínú 100 ni ó kú nínú àwọn tí troponin wọn kò ga, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú 100 nínú àwọn tí tiwọn ga. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan láti fi troponin ṣe ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ àìsàn náà. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti fi í ń ya ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó lè dúró.

Ẹ̀ka kejì wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ ẹran ọkàn tí ó kú ni troponin ń sọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mìíràn wà tí kò kú, tí ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ti ń fa ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ fún ọdún púpọ̀, ó ti wú, ẹ̀jẹ̀ kò sì lọ bí ó ti yẹ mọ́. Ẹsẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ a wú, kò ní lè sùn gbalaja, èémí rẹ̀ a sì máa ké bí ó bá rìn díẹ̀. Ní 1981, Adolfo de Bold, ọmọ ilẹ̀ Argentina tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, fi oje tí a fún láti ara yàrá òkè ọkàn eku sínú ara eku mìíràn. Kíá ni eku náà bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀, tí iyọ̀ sì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ọkàn kì í kàn ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri lásán. Ó ń ránṣẹ́. Nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kí ó bá òun da omi àti iyọ̀ nù. Ní 1988, àwọn oníwádìí ní Japan rí irú iṣẹ́-jíjẹ́ yìí mìíràn nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì fi ọpọlọ sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé láti ọkàn gan-an ni ó ti ń wá jù lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. BNP ni a ń pè é títí di òní. Ní 2002, ìwádìí tí a ṣe lára ènìyàn 1586 tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn nítorí àìlèmí dáadáa fi hàn pé BNP lè sọ èyí tí ti ọkàn ni àti èyí tí ti ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí BNP bá sì ti ga tó ni ewu ikú ń pọ̀ tó. Igbe ọkàn tí ẹrù ń pa ni, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a padà sí Àkrà. Òkú tí Edington yẹ̀ wò fi hàn pé àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Gold Coast. Ṣùgbọ́n dídí iṣan ọkàn, àìsàn tí àwọn ará New York ń wá àmì rẹ̀, ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gba iwájú. Nítorí náà, nínú ọdún kan ṣoṣo, New York rọ irin iṣẹ́ fún àìsàn kan, Àkrà sì kéde pé àìsàn mìíràn ni ó ń jà ní ilẹ̀ tirẹ̀. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, irin iṣẹ́ náà ń mú sí i, ìkéde náà sì wà nínú ìwé.

Àríwá Nàìjíríà ni ìyàtọ̀ náà ti hàn gbangba jù lọ. Nínú àwọn ọdún 1970, Eldryd Parry àti N. M. Davidson ní Ṣáríà kọ̀wé nípa àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn wọn rọ lẹ́yìn ìbímọ, tí iye wọn sì pọ̀ ju ti ibòmíràn láyé lọ. Àwọn dókítà náà ro ó pọ̀ mọ́ àṣà ìwẹ̀jẹ́gò àwọn Hausa: fún 40 ọjọ́, ìyá a máa fi omi gbígbóná wẹ̀, a máa dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tí a dáná sí nísàlẹ̀, a sì máa mu ẹ̀kọ tí ó kún fún káún. Ẹ̀sùn yìí bá ìyá àti ìyá àgbà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Kamilu Karaye ti Kánò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 244 jọ láti ilé ìwòsàn 14 káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ìyá tí ara wọn dá, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 kò rí i pé àṣà náà ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí ó yà wọ́n ni àìkàwé, àìníṣẹ́ lọ́wọ́, àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún.

Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìtàn àwọn ìyá wọ̀nyí. Ní 2015, àwọn oníwádìí Kánò sọ pé selenium, èròjà kékeré kan tí ara ń rí láti inú oúnjẹ, kéré gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà ju ti àwọn ìyá mìíràn lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò ni pé kí a fún wọn ní selenium, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Wọ́n dán an wò lára 100 ìyá. Àwọn àmì àìlágbára ọkàn dín kù lára wọn, ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé selenium mú ọkàn padà sípò tàbí pé ó lé ikú sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́. Àmì tí ó bá àìsàn rìn lè má jẹ́ òun ni ó bí àìsàn. Ẹni tí ó bá pa àmì rẹ́ lè má tíì fọwọ́ kan ohun tí ń ṣeni.

Ìdáhùn tí ó gbòòrò jù lọ sí ìkéde Àkrà wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn. Láàárín 2007 sí 2010, ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Sẹ̀nẹ̀gà wà lára wọn, kọ orúkọ aláìsàn 1006 sílẹ̀, gbogbo wọn ẹni tí àìlágbára ọkàn gbé wá sí ilé ìwòsàn lójijì. Albertino Damasceno ti Mòsáńbíìkì ni ó ṣáájú àwọn tí ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti bí 45 nínú 100 wọn. Dídí iṣan ọkàn kò tó mẹ́jọ nínú 100. Ohun tí òkú sọ fún Edington ni àwọn alààyè tún sọ. Agbedeméjì ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà tí ó ti lé ní 70 ni àìsàn yìí sábà máa ń mú. Níhìn-ín, ẹni tí ó ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí ó ń dáko, tí ó ń tajà, tí ó sì ń bọ́ òbí ni.

Àwọn oníṣẹ́ ìwádìí náà tún béèrè ohun tí ó lè sọ, láti ọjọ́ tí aláìsàn wọlé, ẹni tí kò ní pé oṣù mẹ́fà láyé. Nínú ìròyìn tí ó jáde ní 2013, wọ́n ka àwọn àmì náà: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bí ọkàn ti ń yára lù, ẹsẹ̀ wíwú, àìlèsùn gbalaja, sìgá mímu, àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó jáde: yúríà tí ó fi hàn pé kíndìnrín kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àìtó ẹ̀jẹ̀, àti kòkòrò àrùn HIV. Kò sí èyí tí ó ṣòro wá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àyẹ̀wò troponin àti BNP wọ́n, ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ni ó sì ń fi owó àpò ara rẹ̀ san iye tí àyẹ̀wò bá jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí kò kọjá agbára yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ìjọba ní ìlú tí kò tóbi.

Iye kan wà nínú àkọsílẹ̀ náà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nínú 100 aláìsàn, bí mẹ́rin péré ni ó kú sí ilé ìwòsàn. Kí oṣù mẹ́fà tó pé láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé, àwọn tí ó kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn rìn jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ará ilé bá wọn yọ̀, ilé ni ikú sì ti wá bá wọn. Nítorí náà, ibi tí àmì inú ẹ̀jẹ̀ ti wúlò jù lọ ní ilẹ̀ yìí lè má jẹ́ ọjọ́ tí aláìsàn wọlé, bí kò ṣe ọjọ́ tí ó ń lọ sílé. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tó, kò yẹ kí a sọ fún un pé kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ó yẹ kí a dá fún un. Kí a rí i pé ó ní oògùn lọ́wọ́, kí a sì kọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ nílé láti máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tún ń wú.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣìnà. Troponin lè ga nínú ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, láìjẹ́ pé iṣan ọkàn rẹ̀ dí. BNP a máa kéré ju bí ó ti yẹ lọ nínú ẹni tí ó sanra púpọ̀. Àti pé ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìṣirò ń sọ, kò sọ ti ẹnì kan pàtó. Bí a bá wí pé 18 nínú 100 yóò kú, a ti wí pẹ̀lú pé 82 yóò wà láàyè, kò sì sí ẹni tí ó lè nàka sí ìdílé kan pé tiwọn ni yóò jẹ́. Dókítà tí ó bá ka àmì ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ará ilé bí ẹni ń ka ìdájọ́ ikú ti ṣi irin iṣẹ́ rẹ̀ lò. Ó dà bí ẹni tí ó dá Ifá tí kò sọ ẹbọ.

Bí a bá wo ìtàn yìí láti 1954 títí di òní, ohun kan ṣoṣo ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Transaminase kò wo ẹnikẹ́ni sàn, bẹ́ẹ̀ ni troponin àti BNP. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún ènìyàn ní àkókò: wákàtí díẹ̀ ní Heidelberg, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Kánò tàbí Àkrà. Níbi tí a ti lo àkókò náà, ẹ̀mí là. Níbi tí a ti gba ẹ̀jẹ̀, tí a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, tí a sì pa ìwé dé, kò sí ohun tí ó yí padà ju owó tí ó jáde ní àpò aláìsàn. Àwọn àgbà sọ pé òkò tí ẹyẹ bá rí kì í pa ẹyẹ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ní láti fò.